Bí Kẹ́lívìn Ṣe Fi Mí Jọba Nínú Bọ́ọ̀sì

Láti ìgbà tí mo ti dé, ìbéèrè kan náà ni gbogbo ẹni tó bá pàdé mi ládùúgbò wa ní Ọgbà ń bi mí: "Bàbá Bùkọ́lá, báwo lọ̀hún?" Mo dáhùn dáhùn títí ẹnu fi rẹ̀ mí. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ ọ́ sílẹ̀, kí n lè máa na ìwé sí ẹni tó bá tún béèrè. Ẹ má retí kí n sọ bí mo ṣe gba físà tàbí iye wákàtí tí mo lò lójú òfuurufú. Ìyẹn ò dùn-ún gbọ́, orúnkún mi ò sì tíì dárí jì mí. Ohun tí ojú mi rí lẹ́yìn tí mo gúnlẹ̀ ni mo fẹ́ sọ.

Erékùṣù kékeré kan ni, nínú òkun Kàríbíà. Bọ́ọ̀sì lè yí i po láti àárọ̀ sí ọ̀sán, kí àwọn èrò inú rẹ̀ sì tún ráyè jẹun. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa àwọn ìtàn tí ọkùnrin kan ń sọ fún àlejò níbẹ̀, mi ò sì fẹ́ ba iṣẹ́ ọmọ ọlọ́mọ jẹ́.

Kẹ́lívìn lorúkọ ọkùnrin náà. Bùkọ́lá, àkọ́bí mi tó ń ṣe nọ́ọ̀sì nílé ìwòsàn wọn lọ́hùn-ún, ló ní òun fẹ́ fẹ́ ẹ. Ìyá rẹ̀ sunkún fún ọjọ́ mẹ́ta, lẹ́yìn náà ló nu ojú nù, ó sì ní kí n lọ.

"Ẹ lọ fojú ara yín wò ó, Bàbá Bùkọ́lá. Tí ẹ bá dé, bẹ́ẹ̀ ni tàbí rárá ni mo fẹ́ gbọ́. Ẹ má wulẹ̀ wá máa ròyìn òkun fún mi."

Gbogbo ẹbí fi ọ̀rọ̀ náà lé mi lọ́wọ́. Bùkọ́lá fúnra rẹ̀ sọ lórí fóònù pé tí mo bá ti rí ọkùnrin náà tí mo sì ní rárá, òun á gbà. Ọmọ yẹn kì í ṣèlérí lásán láti kékeré. Ohun tó ń dẹ́rù bà mí nìyẹn.

Ìjókòó tí kò ní sitiárìn

Ní pápákọ̀ òfuurufú wọn, tí kò fi bẹ́ẹ̀ ju ọgbà ilé ìwé kan lọ, Bùkọ́lá sáré wá, ó kúnlẹ̀ sáàárín èrò. Àwọn ènìyàn yà fún un, wọ́n rò pé ó ṣubú ni. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ọkùnrin kan dúró sí, ó ga, ó tín-ín-rín, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí wọ́n lọ̀ dáadáa. Ó ní, "Ẹ káàbọ̀, sà." Ẹnu rẹ̀ ṣe bí ẹnu ẹni tó gbé iṣu gbígbóná há ẹ̀rẹ̀kẹ́, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́ jáde. Mo jẹ́ ẹ lóhùn, mi ò rẹ́rìn-ín.

A dé ìdí bọ́ọ̀sì kékeré kan. Ẹsẹ̀ mi gbé mi lọ sí ilẹ̀kùn iwájú lápá òsì láìrò ó, bó ṣe ń gbé mi láti ọjọ́ tí mo ti ń wakọ̀. Mo ṣílẹ̀kùn, mo jókòó, mo nawọ́. Kò sí sitiárìn. Ọkàn mi fò sókè, mo rò pé wọ́n ti jí i! Ìgbà tí Kẹ́lívìn wọlé láti apá kejì, tó sì di sitiárìn mú lọ́dọ̀ tirẹ̀, ni mo tó rántí pé apá òsì ọ̀nà ni wọ́n ń gbà ní ilẹ̀ yẹn, apá ọ̀tún sì ni dírẹ́bà ń jókòó. Ó ń rẹ́rìn-ín lábẹ́lẹ̀. Bùkọ́lá já a léèékánná lápá, mo rí i.

Ibẹ̀ lọkàn mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í fura.

"Bùkọ́lá, ta ló ni bọ́ọ̀sì yìí?"

"Tiẹ̀ ni, Dádì."

"Kí ló ń fi ṣe?"

Ó wo ilẹ̀. Ohun tó sọ fún wa lórí fóònù ni pé ọkùnrin náà wà nídìí iṣẹ́ ìrìn-àjò afẹ́. Èmi ti fọkàn ya àwòrán ọ́fíìsì, ẹ̀rọ amúlétutù, àti ọkùnrin tó so táì mọ́rùn.

"Ó ń fi gbé àwọn tó bá bá ọkọ̀ ojú omi ńlá wá. Á gbé wọn yí ìlú ká, á máa ṣàlàyé fún wọn."

"Dírẹ́bà ni."

"Dádì, dírẹ́bà nìkan kọ́..."

"Mo ní dírẹ́bà ni."

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ara mi fún ẹni tí kò bá mọ̀ mí. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo fi wa bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ fún ilé iṣẹ́ bísíkíìtì kan ní Ìlúpéjú. Mo ń kó wọn láti Oko Ọba níbi tí wọ́n ti ń pa màlúù, láti Agege àti Ọgbà kí ilẹ̀ tó mọ́, mo sì ń dá wọn padà lálẹ́. Mo mọ dírẹ́bà. Mo mọ ohun tí a máa ń sọ nípa obìnrin nídìí ọkọ̀ nígbà tí kò sí obìnrin níbẹ̀. Mo ti fi ọwọ́ lé Bíbélì nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa, nínú sùtánà funfun, pé kò sí èyí tó máa fẹ́ dírẹ́bà nínú àwọn ọmọbìnrin mi. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, tó bá rí ekòló, á sá. Èmi ni ejò náà, mo mọ ara mi nígbà ọ̀dọ́.

Ẹ káàárọ̀ ná

Mo gbọ́dọ̀ sọ òótọ́ nípa àwọn ará ibẹ̀: wọ́n mọ ènìyàn kí. Tí o bá wọ bọ́ọ̀sì èrò, wàá kí gbogbo ẹni tó wà nínú rẹ̀, gbogbo wọn á sì dáhùn. Tí o bá wọ ṣọ́ọ̀bù, wàá kí kí o tó la ẹnu sọ ohun tí o fẹ́ rà. Àfi bí ẹni pé wọ́n ní ìyá àgbà kan náà pẹ̀lú wa. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ o, Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi iyọ̀ àti ata sí; èmi ni mo ń túmọ̀ rẹ̀ fún yín.

Obìnrin kan ń ta oúnjẹ lẹ́bàá èbúté, Míìsì Ólífù ni gbogbo ayé ń pè é. Lọ́jọ́ kejì tí mo débẹ̀, ọkọ̀ ojú omi kan gúnlẹ̀. Ilé alájà mẹ́wàá tó ń rìn lórí omi ni. Àwọn èrò bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde nínú rẹ̀, àgbàlagbà ọkùnrin nínú ṣòkòtò péńpé, orúnkún níta gbangba, inú wọn dùn. Ọ̀kan lára wọn dé ọ̀dọ̀ Míìsì Ólífù, ó nàka sí ìkòkò, ó ní, "Èló ni?"

Míìsì Ólífù ní, "Ẹ káàárọ̀."

Ọkùnrin náà ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Èló ni ìrẹsì yẹn?"

"Ẹ káàárọ̀."

Ó di ẹ̀ẹ̀kẹta kó tó yé ọkùnrin náà. Ojú rẹ̀ pọ́n, ó kí i, obìnrin náà sì bu oúnjẹ fún un débi tó kún àkúnwọ́sílẹ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Èmi náà sún mọ́ ọn, mo kí i bí a ṣe ń kí ní ilé wa, mo kí iṣẹ́, mo kí oòrùn, mo kí àwọn ọmọ. Ó tẹ ojú mọ́ mi.

"Ọkọ̀ ojú omi wo lo bá wá?"

Ẹnikẹ́ni tí wọn ò bá ti mọ̀ rí, ọkọ̀ ojú omi ló bá wá, ìyẹn lòfin ibẹ̀. Ojú mi jọ ojú wọn, ó jọ ọ́ débi pé àwọn kan ń juwọ́ sí mi lójú títì. Àmọ́ tí mo bá ti la ẹnu báyìí, mo di àlejò. Ó ń dùn mí díẹ̀, mi ò mọ ìdí.

"Agege ni mo ti wá," ni mo dá a lóhùn.

"Ṣé oúnjẹ inú rẹ̀ dáa?"

Mo ní ó dáa gan-an, pàápàá búrẹ́dì.

Ìrẹsì tí wọ́n fi òtíílí, ẹ̀wà ìgbà èwe wa, sè ni mo jẹ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ẹ ò gbọ́ mi ni? Òtíílí! Ìgbà tí mo ti jẹ ẹ́ gbẹ̀yìn, ìyá mi ṣì wà láyé. Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e ó fún mi ní èso gbẹ̀rẹ̀fútù tí wọ́n sun nínú iná títí ara rẹ̀ fi dúdú, pẹ̀lú ẹja oníyọ̀. Ọjọ́ mìíràn ẹ̀wẹ̀, tùwó àgbàdo ni, ṣùgbọ́n inú tùwó gan-an ni wọ́n ti ro ilá mọ́ ọn, bí ẹni tí kò ní sùúrù láti se ọbẹ̀ lọ́tọ̀. Mo ṣàtakò, mo sì jẹ ẹ́ tán.

Òkúta kan, ìtàn mẹ́ta

Mo sọ fún Kẹ́lívìn pé mo fẹ́ máa bá a jáde. Ó rò pé mo fẹ́ wo ìlú ni. Èmi mọ ohun tí mo ń wá: tí o bá fẹ́ mọ ìwà dírẹ́bà, ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì rẹ̀ ni kí o jókòó sí.

Ní ti ọkọ̀ wíwà, mo wá ẹ̀sùn títí, mi ò rí. Ọ̀nà ibẹ̀ rí kọ́lọkọ̀lọ, òkè ní apá kan, kòtò ní apá kejì, ẹsẹ̀ mi sì ń tẹ bíréèkì tí kò sí níbẹ̀ láti àárọ̀ títí dọ̀sán. Ọwọ́ rẹ̀ balẹ̀. Kì í fi fèrè bú ènìyàn. Tó bá fẹ́ dúró, o ò ní mọ̀ pé ó ti dúró. Ó bí mi nínú pé ó mọ̀ ọ́n tó bẹ́ẹ̀.

Ẹnu rẹ̀ ni wàhálà wà. Òkúta ńlá kan wà létí òkun tó dà bí orí ènìyàn. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Kẹ́lívìn gbé máìkì, ó ní ìyàwó apẹja kan ló dúró de ọkọ rẹ̀ níbẹ̀ títí ó fi di òkúta. Àwọn tọkọtaya arúgbó tó wà nínú bọ́ọ̀sì di ara wọn lọ́wọ́ mú, ìyá kan nu ojú. Èmi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ nu tèmi. Ní ọjọ́ kẹta, ọkọ̀ ojú omi mìíràn dé, àwọn ọkùnrin aláriwo ló pọ̀ nínú rẹ̀. A dé ìdí òkúta, Kẹ́lívìn ní àwọn olè ojú òkun ló ri wúrà sábẹ́ rẹ̀, àwọn tó gbìyànjú láti hú u ò padà sílé. Lọ́jọ́ karùn-ún, àwọn tó kó ọmọ wẹ́wẹ́ wá ni. Lọ́tẹ̀ yìí, òmìrán kan ló jù ú lu ewúrẹ́ àbúrò rẹ̀, ó sì tàsé.

Mo lọ bá Míìsì Ólífù. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ìtàn òkúta ọ̀hún gan-an?"

Ó ronú díẹ̀. "Òkúta ni," ló wí.

Ọkàn mi bàjẹ́. Bí ẹnu kan bá lè yí òkúta kan sí ọ̀nà mẹ́ta láàárín ọjọ́ márùn-ún, kí ló ti sọ fún ọmọ mi? Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn mo pe Bùkọ́lá jókòó, mo rò ó fún un.

"Dádì, wọ́n mọ̀ pé ìtàn ni. Wọ́n wá gbádùn ni."

"Ìwọ ńkọ́, ṣé o mọ ìgbà tó bá ń sọ ìtàn fún ọ?"

Ó dìde, ó lọ fọ àwo tó ti fọ̀ tẹ́lẹ̀.

Aṣọ àna

Àṣìṣe mi nìyí, ẹ̀yin náà ì bá ṣe é. Kẹ́lívìn ní ìyá rẹ̀ fẹ́ rí mi lọ́sàn-án lẹ́yìn iṣẹ́. Ọkùnrin wo láti ilẹ̀ wa ló máa wọ ṣẹ́ẹ̀tì lásán lọ pàdé ẹni tó ṣeé ṣe kó di àna rẹ̀? Bí n ò tilẹ̀ tíì gbà, mo gbọ́dọ̀ jẹ́ kí wọ́n mọ irú ilé tí ọmọ náà ti jáde. Mo wọ agbádá aláwọ̀ ojú ọ̀run tí mo fi ṣe ìdúpẹ́ ìfẹ̀yìntì, mo dé fìlà rẹ̀, mo fi ìlẹ̀kẹ̀ ìyá Bùkọ́lá sọ́rùn, mo sì wọ inú bọ́ọ̀sì bẹ́ẹ̀ láàárọ̀ kí n má baà tún padà wá pààrọ̀ aṣọ.

Gbogbo èrò ló yíjú padà. Gbogbo wọn sáré fa fóònù yọ bí ìgbà tí àṣá bá balẹ̀ sáàárín òròmọdìyẹ. Obìnrin kan bi Kẹ́lívìn léèrè ta ni mí. Kẹ́lívìn wò mí nínú dígí, ó gbé máìkì.

"Ẹ̀yin àlejò mi, orí yín dára lónìí. Ọba kan láti Áfíríkà ló wà láàárín wa."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Obìnrin náà tẹ orúnkún kan bí wọ́n ṣe ń ṣe fún àwọn ọba tiwọn. Ọkùnrin kan bẹ̀ mí bóyá òun lè fọwọ́ kan fìlà mi. A dé ìdí ìṣàn omi tó ń já látorí àpáta, kò sẹ́ni tó wo omi. Èmi ni wọ́n ń yà. Mo gbé ọwọ́ sókè láti ní kí wọ́n dáwọ́ dúró, gbogbo wọn náà gbé ọwọ́ sókè. Inú ń bí mi, ojú ń tì mí. Irọ́ ni ṣá tí mo bá sọ pé kò dùn mọ́ mi díẹ̀.

Nígbà tí èrò tó gbẹ̀yìn padà sínú ọkọ̀ ojú omi, mo kojú Kẹ́lívìn.

"Dírẹ́bà ni mí. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo fi wakọ̀, mi ò jalè, mi ò ṣèké. Èwo ni ti ọba?"

Ó ṣí fìlà rẹ̀ kúrò lórí.

"Sà, kí ni kí n máa pè yín?"

"Kí lo ní?"

"Wọ́n máa ń béèrè ni, sà. Ẹ kì í ṣe èrò, mi ò lè pè yín ní èrò. Mo fẹ́ pè yín ní bàbá ìyàwó mi, ẹ ò tíì gbà fún mi. Mo wá orúkọ tó tóbi tó yín, ọba ni mo rí."

Kò sí ẹ̀rín lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbínú àgbàlagbà kì í tètè rí ọ̀nà sọ̀kalẹ̀, pàápàá tó bá wà nínú agbádá. Mo ní kó bá mi sọ fún ìyá rẹ̀ pé n ò lè wá mọ́. Bùkọ́lá sunkún nínú yàrá rẹ̀, kò jẹ́ kí n rí i, àmọ́ ògiri ibẹ̀ fẹ́lẹ́. Ọ̀rọ̀ náà ti ń di rárá nínú mi.

Ẹnì kan ò tíì dé

Ó ku ọjọ́ méjì kí n padà. Mi ò fẹ́ tẹ̀ lé Kẹ́lívìn mọ́, ṣùgbọ́n Bùkọ́lá wà níbi iṣẹ́, ilé sì gbóná. Mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì lásán, mo dé fìlà mi nítorí oòrùn, mo jókòó sẹ́yìn láìsọ̀rọ̀. Èrò mẹ́rìnlá ni wọ́n. Ìyá arúgbó kan wà nínú wọn tó dá wá, ó ní ọ̀pá ìtilẹ̀, ó sì dé àkẹtẹ̀ funfun.

Ibi tí wọ́n ti ń dúró gbẹ̀yìn ni ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ kan lórí òkè. Nígbà tí àkókò tó láti padà, Kẹ́lívìn kà wọ́n. Mẹ́tàlá. Ó tún wọn kà. Ìyá aláàkẹtẹ̀ funfun kò sí níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kó yé yín: ọkọ̀ ojú omi yẹn kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Tó bá ti tó àkókò, ó ti lọ nìyẹn, ìwọ àti ẹrù rẹ di ti ìlú náà. Ọkùnrin kan tó sanra níwájú bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo.

"Ẹ jẹ́ ká máa lọ! Wọ́n sọ àkókò fún un. Ẹ̀bi rẹ̀ ni!"

Àwọn mìíràn gbè é. Kẹ́lívìn ní òun ò ní fi ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Ó rìn wá sí ẹ̀yìn, ó na máìkì sí mi.

"Sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi jókòó tì wọ́n. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Tí wọ́n bá fọ́n ká, gbogbo wọn ni màá pàdánù."

Ó sáré gun òkè.

Bọ́ọ̀sì gbóná. Obìnrin kan ti gbé báàgì rẹ̀, ó fẹ́ lọ wá ọkọ̀ mìíràn, àwọn méjì dìde tẹ̀ lé e. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo dìde, mo dúró sẹ́nu ọ̀nà. Gẹ̀ẹ́sì ọgbà ilé iṣẹ́ ni tèmi, ṣùgbọ́n ohùn mi ti la ẹ̀rọ bísíkíìtì kọjá rí. Ohun tó jáde lẹ́nu mi, Ọlọ́run jọ̀wọ́, ni:

"Ẹ jókòó. Èmi ni ọba Agege."

Wọ́n jókòó.

Mo ní ní ìjọba mi, oko kan wà tí wọ́n ń pè ní Oko Ọba, níbi tí màlúù tí ẹnikẹ́ni ò lè kà ti ń rìn láti ọ̀nà jíjìn wá lójoojúmọ́. Wọ́n béèrè bóyá àwọn màlúù náà máa ń padà sílé. Mo ní wọ́n fẹ́ràn ọ̀dọ̀ wa púpọ̀, wọn kì í padà. Mo ní kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn ènìyàn mi ti tò sójú ọ̀nà, wọ́n ń retí mi. Tí mo bá dé, wọ́n á wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á kí mi, èmi á sì gbé wọn lọ sí ààfin kan tó ń run ṣúgà àti bọ́tà. Ọmọbìnrin kan béèrè bóyá mo ní ìtẹ́. Mo ní mo ní i, ó ní táyà mẹ́fà. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, obìnrin oníbáàgì gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀. Kò sí èyí tó jẹ́ irọ́ pátápátá níbẹ̀, ẹ̀yin náà ẹ kà á wò.

Ọkùnrin tó sanra ò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ní ìjọba tìrẹ, ṣé ẹ máa ń dúró de ẹni tó bá pẹ́?"

Ìbéèrè náà bá mi lójijì. Mo lè pa irọ́ mìíràn. Ẹnu mi kọ̀.

Mo ní, "Rárá. A kì í dúró."

Mo wá sọ ohun tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí, kódà fún ìyá Bùkọ́lá. Obìnrin kan wà tó ń di bísíkíìtì sínú páálí nílé iṣẹ́ wa, Síkírá lorúkọ rẹ̀, Ọgbà ló ti ń wọ bọ́ọ̀sì mi. Òfin ilé iṣẹ́ ni pé mi ò gbọ́dọ̀ dúró kọjá ìṣẹ́jú kan. Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo rí i nínú dígí, ó ń sáré bọ̀, ó fi ọwọ́ kan di gèlè mú, ó ń fi ọwọ́ kejì juwọ́ sí mi. Ìṣẹ́jú kan ti pé. Mo tẹ iná, mo lọ. Ó ti pẹ́ lẹ́ẹ̀mejì ṣáájú, ẹ̀ẹ̀kẹta yẹn ni wọ́n fi lé e kúrò níṣẹ́. Mi ò mọ ibi tó gbà lọ. Mo ní, "Kò sẹ́ni tó bá mi wí. Mo tẹ̀ lé òfin. Ṣùgbọ́n mo rí i, ó sì mọ̀ pé mo rí òun."

Ọkùnrin tó sanra ń wo bàtà rẹ̀.

Ìgbà náà ni mo rí wọn láti ojú fèrèsé. Kẹ́lívìn fi àkẹtẹ̀ funfun ìyá náà dé orí ara rẹ̀, ìyá náà sì fi ara ti apá rẹ̀. Ẹsẹ̀ ló kọ̀ ọ́ nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn, kò ní ẹni tó máa pè. Ọkọ̀ ojú omi ti fọn fèrè lẹ́ẹ̀kan, àwa náà gbọ́ ọ. Kẹ́lívìn ò fà á. Ìrìn ìyá náà ló ń rìn, ẹsẹ̀ kan lẹ́yìn ẹsẹ̀ kan, ó sì ń bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ọjọ́ ṣì pọ̀ níwájú rẹ̀. Omi dé ojú mi. Ọkùnrin tó sanra ló kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ láti bá wọn gbé ìyá náà wọlé.

A dé èbúté nígbà tí wọ́n ti ń tú okùn. Gbogbo wọn wọlé, mẹ́rìnlá pé.

Kẹ́lívìn fi orí lé sitiárìn, ó mí kanlẹ̀. Lẹ́yìn náà ló béèrè, "Sà, kí lẹ sọ fún wọn tí wọ́n fi jókòó?"

Mo ní, "Ìtàn."

Ó wò mí, ó bú sẹ́rìn-ín, mi ò lè pa tèmi mọ́ra. Mo ní kó gbé mi lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ bí mo ṣe wà yẹn, nínú ṣẹ́ẹ̀tì tó kún fún òógùn. Ìyá náà fún mi ní omi àgbọn, ó sì bi mí bóyá mo ń rí oorun sùn dáadáa. Mo mọ̀ pé ìyá ènìyàn ni.

Àárọ̀ tó gbẹ̀yìn

Ìrọ̀lẹ́ ni bàálù mi, ọkọ̀ ojú omi kan sì dé láàárọ̀. Bùkọ́lá gba àyè níbi iṣẹ́, a jọ jókòó sẹ́yìn bọ́ọ̀sì. Mi ò tíì sọ nǹkan kan fún un. Ó ń fi ọwọ́ ká etí aṣọ rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe tó bá fẹ́ gba èsì ìdánwò.

A kúrò ní èbúté. Kẹ́lívìn kí àwọn èrò, ó sọ orúkọ ara rẹ̀, ó sọ ti ìlú rẹ̀. Obìnrin kan níwájú wẹ̀yìn, ó rí èmi àti fìlà mi.

"Ẹ̀yin méjèèjì tó wà lẹ́yìn ńkọ́? Ta ni wọ́n?"

Kẹ́lívìn gbé máìkì sún mọ́ ẹnu. Ojú wa pàdé nínú dígí. Ó ti ṣèlérí pé òun ò ní fi mí jọba mọ́. Ó ní, "Bàbá tó jókòó sẹ́yìn yẹn..." Ó dúró. Ó tún bẹ̀rẹ̀, ó tún dúró. Ọwọ́ Bùkọ́lá dákẹ́ lára aṣọ.

Mo fi ohùn ọgbà ilé iṣẹ́ ké sí i láti ẹ̀yìn:

"Kẹ́lívìn! Sọ fún wọn pé bàbá ìyàwó ẹ ni. Dírẹ́bà bíi tìẹ ni."

Bọ́ọ̀sì ò mì, ọwọ́ rẹ̀ ò yẹ̀ lórí sitiárìn, mo ń ṣọ́ ọ. Àmọ́ ó gbé máìkì sókè, ó gbé e sílẹ̀, ó tún gbé e sókè. Bùkọ́lá ti sunkún sí èjìká mi. A ń gun òkè kékeré kan, òkun ń dán lápá òsì, gbogbo èrò na ọrùn, wọ́n ń retí ohun tó fẹ́ sọ.

Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mo ní ìtàn kan fún ibí yìí, ó ti sá lọ lórí mi."

A sì gun òkè yẹn tán láìgbọ́ ìtàn kankan.